Àpótí Ìpa-Ẹyin Nílùú Tí Iná Kì Í Dúró

  Ọ̀rọ̀ adìẹ la gbé wá lónìí. A fẹ́ sọ bí èèyàn ṣe lè fi pákó, gílóòbù méjì àti omi inú abọ́ ṣe àpótí tí yóò máa pa ẹyin nínú ilé rẹ̀, láìjẹ́ pé àgbébọ̀ kankan sàba lé e.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ṣe àpótí yìí, ibi tí ooru yóò ti wá ló máa ń gbà á lọ́kàn: gílóòbù mélòó, wáyà wo, ẹ̀rọ wo. Èmi sọ pé ibi tí ooru ń gbà sá jáde ló yẹ kó kọ́kọ́ dà wá láàmú, nítorí ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ níbi tí a wà yìí, iná lè lọ nígbàkígbà, kì í sì í dágbére kó tó lọ. Àpótí tó bá mọ ooru pa mọ́ yóò gba ẹyin là. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n pa mọ́, bó ní gílóòbù mẹ́wàá, òfo ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo adìẹ fúnra rẹ̀. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ wa a máa yé ẹyin bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó jókòó lé e. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ á re díẹ̀ kí awọ ara rẹ̀ lè kan ẹyin, yóò sì wà lórí ìtẹ́ fún ọjọ́ 21. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ṣe ló ń sinmi. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó ń fi àgógó yí ẹyin lọ́sàn-án lóru, ó ń ti èyí tó wà létí wọ àárín, ó ń ti ti àárín sí etí. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló sábà máa ń dìde lọ jẹun, tí yóò mumi, tí yóò yàgbẹ́ ńlá kan, tí yóò sì sáré padà láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bó bá pa á tán, yóò tún kó ọmọ kiri fún bí oṣù méjì kó tó ronú ẹyin mìíràn. Ìdí nìyí tí àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kì í fi í pa ọmọ ju ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lọ́dún. Tí àpótí bá wà, a ó máa kó ẹyin kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ yíyé nìkan ló máa kù fún un.

Àmọ́ bí adìẹ yín kò bá ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí adìẹ ṣe iṣẹ́ adìẹ. Kò gba iná, kò gba bátìrì, ó sì tún ń bá yín lé àṣá. Ẹni tó ní àgbébọ̀ mẹ́wàá sókè pẹ̀lú àkùkọ gidi ni àpótí yẹ fún, tàbí ẹni tó ń sin awó, torí awó a máa yé sínú igbó kiri, kì í sì í fẹ́ jókòó lé e bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó ẹyin awó sábẹ́ adìẹ, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí agbègbè wa. Awẹ́, tó fara ti ìlú Ọ̀yọ́, ni ilé-iṣẹ́ Amo Farm Sieberer Hatchery wà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ńláńlá pa òròmọdìẹ. Àwọn ló mú Noiler tí ọ̀pọ̀ yín ń rà jáde. Tiwọn ju tiwa lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń ṣọ́: ooru, ọ̀rinrin, atẹ́gùn, àti yíyí ẹyin.

Kí iná mànàmáná tó dé ayé ni àwọn ará Íjíbítì ti ń pa ẹyin láìlo adìẹ, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ilé amọ̀ ni wọ́n ń kọ́ fún un, ògiri rẹ̀ nípọn, yàrá kéékèèké wà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà tóóró kan la àárín wọn kọjá. Yàrá ìsàlẹ̀ ni ẹyin ń wà, yàrá òkè ni wọ́n ń dáná ìgbẹ́ ẹran àti pòròpórò sí. Kò sí tẹmọ́mítà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á mú ẹyin kan, á fi kan ìpéǹpéjú rẹ̀, á sì mọ̀ bóyá ó gbóná jù tàbí ó tutù jù. Nígbà tí Réaumur, ará Faransé tó gbajúmọ̀ nídìí tẹmọ́mítà, kọ ìwé lórí pípa ẹyin ní 1749, iṣẹ́ àwọn ará Íjíbítì yìí ló ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé bó bá ti kọjá àárín iye ọjọ́ tí ẹyin ń lò, wọ́n á jẹ́ kí iná kú. Ọmọ inú ẹyin ti ń mú ooru tirẹ̀ jáde nígbà náà, ògiri amọ̀ sì ń bá wọn dì í mú.

Àwa náà ní ògiri amọ̀. Ilé àwọn bàbá wa tí ẹlòmíràn ń wó kó lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, yàrá inú rẹ̀ ló dára jù láti gbé àpótí yín sí. Ọ̀sán kì í gbóná jù níbẹ̀, òru kì í sì í tutù jù. Ibi tó burú jù ni ìdí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, tàbí yàrá onípáànù tí kò ní sílìn.

Ó wá kan àpótí fúnra rẹ̀. Fíríjì tó ti kú ló dára jù, torí fóòmù ti wà nínú ara rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fíríjì ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí irú rẹ̀ tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó kàn ń gba òjò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kúlà ńlá tí wọ́n fi ń ta omi tútù náà dára. Bí ẹ kò bá rí méjèèjì, ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà kan àpótí pákó méjì, kí ọ̀kan wọ inú èkejì, kí àlàfo tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín wọn yí ká. Ẹ wá ki lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń bọ́ lábẹ́ ayùn, tàbí èèpo ìrẹsì, sínú àlàfo náà títí yóò fi kún bámúbámú. Kó gbẹ dáadáa o. Èyí tó bá tutù yóò bu, kò sì ní di ooru kankan mú. Páálí lásán kò tó. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù, páálí ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹyin á sì pa, ṣùgbọ́n níbi tí iná kì í lọ ni wọ́n ti ṣe fídíò ọ̀hún.

Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin sí àárín àpótí. Orí nẹ́ẹ̀tì ni ẹyin ń wà, abọ́ omi á wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ yẹn náà, ẹ to ìgò rọ́bà tí ẹ ti rọ omi kún, tí ẹ sì dé pa, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, bí àyè bá ṣe gbà. Omi inú ìgò yìí kì í ṣe fún ọ̀rinrin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa gba ooru sára nígbà tí iná wà, kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná yín ní nǹkan kan, síbẹ̀ mi ò mọ ohun mìíràn nínú àpótí tó wúlò tó o nílùú tiwa.

Ẹ má tìtorí ooru dí àpótí pa pátápátá. Ẹyin ń mí. Ihò tí ojú kò lè rí wà lára èèpo rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Ẹ dá ihò méjì sí ìsàlẹ̀, méjì sókè, tí ọmọ ìka kan lè wọ̀, ẹ sì fi gíláàsì kékeré sójú ìlẹ̀kùn kí ẹ lè máa yọjú wò láìṣí i.

Gílóòbù àtijọ́ tó ń tàn pupa là ń wá, èyí tó máa ń jó ni lọ́wọ́. Gílóòbù funfun tí kì í jẹ iná púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ lásán ló ní. Fún ẹyin bí 60 nínú fíríjì kékeré, méjì oní-40 wáàtì tó. Kó jẹ́ méjì, torí bí ọ̀kan bá jó lóru, èkejì kò ní jẹ́ kí ẹyin tutù pátápátá. Ẹ fi agolo tí ẹ ti dá ihò sí lára bò wọ́n, kí omi má ta sí wọn, kí òròmọdìẹ má sì fara kàn wọ́n. Fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà ni kó máa fẹ́ ooru kiri. Ẹ̀rọ kékeré tó ń pa iná bí ooru bá ti tó, tó sì ń tàn án padà, wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò. Èyí tí wọ́n ń pè ní W1209 wọ́pọ̀, iná 12 fóòtì ló ń lò. Okùn kan wà lára rẹ̀ tí orí rẹ̀ ń wọn ooru. Ibi tí orí ẹyin dé gẹ́lẹ́ ni kí ẹ so ó mọ́. Bó bá sún mọ́ gílóòbù jù, iná á ti kú kí ẹyin tó gbóná, ẹ ó sì máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ẹ jọ̀ọ́, rẹ́wáyà ni kó bá yín so ó. Iná mànàmáná àti omi nínú àpótí kan ṣoṣo kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Bí fáànù bá wà, 37.5 sí 37.8 lórí ìwọ̀n Celsius là ń fẹ́. Bí kò bá sí fáànù, ooru á lọ dúró sókè, nítorí náà kó ka bíi 38.5 ní orí ẹyin. Ẹyin a máa fara da òtútù ju ooru lọ. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì, ó lè pẹ́ kó tó pa, ṣùgbọ́n kì í sábà kú. Bó bá gun 40 tàbí 41 tó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ẹ ti ń sè é nìyẹn. Ẹ má gbọ́kàn lé tẹmọ́mítà ọjà láìdán an wò. Èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi sí abíyá, láti 35 sí 42 ló sábà máa ń kà, ibi tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ fi méjèèjì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan náà, ẹ wo iye tí wọ́n fi yàtọ̀, ẹ sì kọ ọ́ sára àpótí. Lẹ́yìn náà, kí àpótí ṣiṣẹ́ lófìfo fún ọ̀sán kan òru kan kí ẹyin tó wọ inú rẹ̀.

Bí iná bá wá lọ, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹ ju kúbùsù bò ó, kí ẹ sì fi àkísà dí ihò òkè ní ìlàjì. Bó bá ti ń kọjá wákàtí mẹ́ta, ẹ yọ ìgò méjì nínú àwọn tí ẹ tò, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ sí èyí tó gbóná tí ọwọ́ ṣì lè gbà, ẹ dá a padà. Ẹ óò rí i pé tẹmọ́mítà á tún gbéra. Ẹni tó ní sólà kékeré àti bátìrì lè fi gílóòbù mọ́tò sí i, oní-12 fóòtì, tí yóò máa tàn bí iná ìjọba bá kú. Ẹni tó bá sì fẹ́ lo láńtánì, ìta ni láńtánì ń wà. Ẹ jẹ́ kí páìpù páànù gba inú àpótí kọjá, kó wọlé nísàlẹ̀, kó jáde lókè, kí ẹ wá gbé láńtánì sí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Ara páìpù ló máa gbóná. Èéfín á bá tirẹ̀ lọ síta, kò ní kan ẹyin. Kí fèrèsé yàrá wà ní ṣíṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn níbẹ̀.

Ọ̀rinrin ló kàn, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ọyẹ́ àti òjò ti ń hàn ní agbègbè wa. Ní ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún là ń fẹ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn, 65 sí 70. Lásìkò ọyẹ́, tí ètè ń là tí ìlẹ̀kùn pákó ń súnkì, abọ́ kan kì í tó. Lásìkò òjò, abọ́ kékeré lè pọ̀ jù. Fífẹ̀ ojú omi ló ń mú ọ̀rinrin wá, kì í ṣe jíjìn rẹ̀, nítorí náà abọ́ pẹrẹsẹ lẹ ó máa lò. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rinrin tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń parọ́. Ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi sí i kó kàn tutù, kó má yòrò tán, ẹ gbé e pẹ̀lú ẹ̀rọ náà sínú ọ̀rá tí ẹ dì pa, kí ó di ọjọ́ kejì. Ó yẹ kó ka 75. Iye tó bá fi yàtọ̀ sí 75 ni irọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n kékeré tún lè wọn ẹyin: èyí tó jẹ́ gíráàmù 40 lọ́jọ́ tó wọlé yẹ kó ti fúyẹ́ dé bíi 35 lọ́jọ́ 18. Bí kò bá fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, omi ti pọ̀ jù nínú àpótí.

Ẹyin wo la ó kó sí i? Ẹyin kéréètì tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ní pa láéláé, torí àwọn adìẹ tó yé e kò rí àkùkọ rí. Àkùkọ kan fún àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá là ń fẹ́. Ẹyin Noiler lè pa tí àkùkọ bá wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n àdàlù ni, ọmọ kò ní jọ òbí bẹ́ẹ̀. Adìẹ Fúlàní tí àwọn darandaran ń sìn láàárín wa tóbi ju adìẹ Yorùbá lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ kó ẹyin tí kò tíì ju ọjọ́ méje lọ, kí orí ṣónṣó rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ níbi tí ẹ kó o pa mọ́ sí, kí ibẹ̀ sì tutù. Ẹ má fọ̀ ọ́. Nǹkan kan wà lára èèpo tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé, omi á sì bọ́ ọ dànù. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà lẹ fi gbé e wá láti abúlé, pẹ̀lú bí ọ̀nà wa ṣe rí, kó sinmi di ọjọ́ kejì kó tó wọ àpótí.

Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ àmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹyin. Ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, kí ọmọ inú rẹ̀ má lẹ̀ mọ́ èèpo. Iye tí kò ṣe é pín sí méjì ni, torí òru gùn, a kò sì fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan náà máa wà lókè lóròòru. Lálẹ́ ọjọ́ keje, ẹ pa iná yàrá, ẹ fi páálí tó ní ihò bo tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé ẹyin lé ihò náà. Èyí tó ti gbà á ní iṣan pupa tó tàn kálẹ̀ bí okùn aláǹtakùn, pẹ̀lú kókó dúdú kan láàárín tó ń mì. Èyí tó mọ́ rekete kò ní ọmọ. Èyí tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀ kan lásán, ọmọ ti kú sínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kó tó dọ̀bu tí yóò sì bẹ́ mọ́ àwọn yòókù lára.

Lọ́jọ́ 18, ẹ dáwọ́ yíyí dúró, ẹ fi omi kún omi, ẹ ti ìlẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti dá èèpo lu títí yóò fi jáde lè gba odidi ọjọ́ kan. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ àwọn èèyàn jẹ́. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á bá a bó èèpo. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú awọ tó wé e mọ́ra, pupa ẹyin tí yóò máa fi bọ́ ara rẹ̀ kò sì tíì wọ ikùn rẹ̀ tán. Atẹ́gùn gbígbẹ tó wọlé nígbà tí ẹ ṣí ìlẹ̀kùn á tún gan awọ mọ́ àwọn yòókù lára, wọn ò sì ní lè yí ara wọn mọ́.

Kò sí ẹni tí gbogbo ẹyin rẹ̀ ń pa. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ 23, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ sì wò ó. Mo mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà ju inú ìwé lọ. Bí àwọn tó pa bá ti jáde lọ́jọ́ 19 sí 20, ooru ti pọ̀ jù. Bó bá di ọjọ́ 22 sí 23 kí wọ́n tó jáde, tí ara wọn kò le, ooru kò tó, tàbí iná ti lọ léraléra. Bí ẹ bá bá ọmọ tó ti dàgbà tán nínú omi tó pọ̀, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá gan mọ́ awọ tó gbẹ, ọ̀rinrin kò tó níparí. Bí púpọ̀ nínú wọn bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ wo bí ẹ ṣe gbé ẹyin àti iye ọjọ́ tó lò kó tó wọlé. Ìwé kékeré kan lẹ ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sí, títí kan wákàtí tí iná lọ àti èyí tó dé.

Òròmọdìẹ tó bá ti gbẹ lè wà fún ọjọ́ méjì láìjẹun, nítorí pupa ẹyin tó wọ ikùn rẹ̀. Ibi tó móoru ló nílò ju oúnjẹ lọ, bíi 33 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ní àgbébọ̀ tó ń sàba lọ́wọ́, ẹ ki wọn sábẹ́ rẹ̀ lóru, nígbà tí kò ríran. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tirẹ̀ ni yóò pè wọ́n. Àrùn lúkúlúkú, tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, ló sì ń kó ọ̀pọ̀ adìẹ abúlé lọ lásìkò ọyẹ́. Àjẹsára rẹ̀ tí wọ́n ń kán sójú, tí wọ́n ń pè ní I-2, NVRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí àìsàn ẹran tó wà ní Vom, ló ń ṣe é. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹran tó wà nítòsí yín kí àwọn ọmọ yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.